Aránṣọ Tó Gé Gbòǹgbò Ẹ̀gún Bí Ẹni Gé Aṣọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlébù ọkùnrin yìí fún yín kí ó tó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, torí bí ó bá sọ ọ́, ìwà rere ni yóò pè é. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa nídìí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe láyé yìí tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí òrùlé bá ń jò, bí ọmọ bá ń wúkọ́, bí ilẹ̀kùn kò bá ṣeé tì, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Èmi ni kí ẹ bi.” Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Èmi-Ni-Kí-Ẹ-Bi nìyẹn. Òun rò pé oyè ni.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò bi í ní ohunkóhun rí: ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fẹ́ ọmọ màmá yìí, wọn kò yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ó rán búláòsì fún wọn, wọ́n ní, “Ó gba ara.” Ó kun ilé wọn, wọ́n ní, “Ọ̀dà ni.” Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ egungun. Bí gbogbo ayé bá pè é ní ọ̀gá tí màmá yìí kò pè é bẹ́ẹ̀, kò ka tayé sí.

Màmá ní ilẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé tí wọ́n fẹ́ gbin ata sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbin ata ọ̀hún, kò hù. Ẹ̀gún ló hù. Ó ti bo ògiri, ó ti gbé okùn ìsáṣọ mì, ológbò ilé pàápàá kì í gba ibẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan màmá ní àwọn fẹ́ wá ẹni tí yóò bá àwọn ro ó.

“Màmá, ta lẹ tún ń wá?” ni Èmi-Ni-Kí-Ẹ-Bi wí. “Àna kì í wà nílé kí ẹ̀gún hù lẹ́yìnkùlé. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọ̀la, á ti mọ́ bí àwo.”

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. “Ó dáa náà,” ni wọ́n wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dé pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì wọ ṣòkòtò tuntun tó rán nítorí iṣẹ́ náà. Bàbá kan tó ń gbé lódìkejì ògiri, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ọgbà ilé ìwé, yọjú sí i.

“Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gún yẹn, a kì í gé gbòǹgbò ẹ̀. Ṣe ni kó o máa gbẹ́ ilẹ̀ tẹ̀ lé e, kó o hú u lódindi, kó o sun ún. Torí èyí tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀, bó kéré bí ìka...”

“Bàbá, mo ti mọ̀.”

Bàbá ọlọ́gbà gbé orí wọn padà sẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ṣòkòtò náà kò lè ya. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, ẹ̀gún ti fà á ya láti orúnkún dé ìdí. Ó ní aṣọ ni kò dáa, pé kò sí nǹkan tó ṣe ojú rírán.

Ó wá kan gbòǹgbò kan tó nípọn bí apá. Ó fà á, kò mì. Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó tún fi gbogbo agbára fà á. Gbòǹgbò já, ọ̀gá sì fìdí sọlẹ̀ sórí òkìtì ẹ̀gún tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Igbe tó ké mú kí àwọn tó ń kọjá lọ ní títì dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó dojú bolẹ̀ lórí tábìlì tó ti ń gé aṣọ, ìyàwó rẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún níbi tí a kò ní dárúkọ. Oníbàárà kan wọlé láti wá wọn ara, ó wò wọ́n, ó ní òun ń bọ̀.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ṣe jẹ́ ká pe bàbá ọlọ́gbà yẹn?”

“Kí wọ́n wá kọ́ mi ní kí ni? Igi gogoro ò lè gún mi lójú. Ìdí nìkan ló rí gún.”

Ibi tó dojú bolẹ̀ sí yẹn ló ti rí àkékù aṣọ nílẹ̀, ọgbọ́n sì dé. “Aṣọ tí mo bá ti gé wẹ́wẹ́,” ó bi ìyàwó rẹ̀, “ṣé ó tún ń di odindi ìgàn aṣọ ni?” Ìyàwó rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ. Ó gbẹ́ gbòǹgbò jáde, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó sì gé gbogbo rẹ̀ ní íǹṣì méjì méjì. Ó ní òun kò ní jó o níná, kí ó jẹrà kí ó di ajílẹ̀ fún ata. Nígbà tí kò sì lè rí ohun tó rí wúruwùru kí ara rẹ̀ balẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ sí ilẹ̀, ó tò wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi erùpẹ̀ bò wọ́n. Ilẹ̀ náà mọ́ lóòótọ́. Màmá jáde, wọ́n wò ó pẹ́.

“Ká jẹ́ kí òjò rọ̀ ná,” ni wọ́n wí.

Ìdajì oríyìn nìyẹn lẹ́nu màmá yìí. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tó wá wọn ara tí kò gbọ́ ìtàn bí òun ṣe ṣẹ́gun ẹ̀gún. Ó fẹ́ kí màmá parí oríyìn náà lójú àwọn ènìyàn, ló bá pe ará àdúgbò jọ sílé màmá. Òjò ti rọ̀ dáadáa nígbà náà. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó kẹ́yìn sí ọgbà, ó kọjú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n àti agbára. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ó yíjú padà.

Ẹ̀gún ti hù. Tàtijọ́ hù gátagàta ni. Èyí tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ògiri dé ògiri, ó tutù yọ̀yọ̀, gbogbo rẹ̀ ga bákan náà.

“Bàbá, kí ló fa èyí?” ni ẹnìkan bi bàbá ọlọ́gbà.

“Èmi kọ́ ni kẹ́ ẹ bi,” ni bàbá wí. “Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní pé bó ṣẹ́ kù bí ìka, á hù. Ọ̀gá aránṣọ ní àwọn ti mọ̀.”

 Aránṣọ fẹ́ jókòó, ó rántí pé ẹ̀gún ló wà nísàlẹ̀, ó tún nàró. Màmá ti wọ àárín ọgbà. Wọ́n tẹ̀ lé ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ọ̀kan tó kú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, ojú wọn ń dán.

“Ọkọ ọmọ mi, o káre. Látijọ́ tí mo ti ń gbin nǹkan, mi ò rí ẹni tí ohun tó gbìn hù tó báyìí rí.”

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ ni tàbí kí òun sá.

“Màmá, ẹ ṣeun,” ló wí.

“Lọ́jọ́ Ajé, wá bá mi gbin ata,” ni màmá wí. “Ṣùgbọ́n má gbìn ín o. Bó o ṣe pa ẹ̀gún yìí gan-an ni kó o ṣe bá mi pa á.”