Góòlù Mẹ́ta Nílé Àna Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú han àwọn òbí Bùkọ́lá l'Ọ́gbà ò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Bùkọ́lá ni mo fẹ́ fẹ́, bàbá rẹ̀ ò sì tíì rí mi rí. Bùkọ́lá ti sọ fún mi pé, "Bọ́ọ̀lù lẹ̀mí dádì mi. Tó o bá ti lè bá wọn wò ó dáadáa, wọ́n á gbà ẹ́." Bí mo ṣe di ẹni tó ń há orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ tí Bàbá ń ṣe lẹ́yìn sórí nìyẹn, nídìí ẹ̀rọ bisikíìtì tí mo ń tọ́jú ní Oregun.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá wọ jẹ́sì pupa, wọ́n ní kí n jókòó. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ló ṣáájú bọ́ọ̀lù, òun náà ló wà láyà àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kódà, iye góòlù téèyàn lè ta tẹ́tẹ́ lé lórí ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ń kà. Mi ò kọbi ara sí i.

Kò pẹ́ tí àwọn aláṣọ pupa fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Mo fò sókè, mo kígbe "Góòòlù!" Èmi nìkan ni. Bàbá di orí mú.

Mo rọra jókòó. Àbí ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn? Jẹ́sì ọrùn wọn wá ńkọ́? Nígbà táwọn aláṣọ búlúù náà gbá tiwọn wọlé, mo pàtẹ́wọ́: "Àwọn yìí mọ bọ́ọ̀lù o, sà!" Bàbá wò mí bí ẹni tó rí olè. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ pupa gbá pẹnáritì lọ sókè réré. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n gbé màlítì wá fún mi! Orí mi dàrú pátápátá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìkẹyìn, mo ronú pé àdúrà ò lè bí àgbàlagbà nínú. Mo gbọ́wọ́ sókè.

"Dádì, Ọlọ́run á fún ẹgbẹ́ yín ní góòlù kan sí i."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀!" Bàbá ti dìde.

"Àmín o!" ni ìyá Bùkọ́lá dáhùn láti ilé ìdáná.

Bọ́ọ̀lù wọlé.

"Ándà ni mo ta!" Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Mo ní góòlù ò ní ju méjì lọ, ẹni yòówù kó gbá a! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ sí mi?"

Ojú tì mí, ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìyá Bùkọ́lá ló bá mi bẹ̀ wọ́n, torí wọ́n ní àwọn náà ló ṣàmín.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó bá ẹnikẹ́ni yọ̀ nídìí bọ́ọ̀lù, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé kí ló ta. Bàbá fún mi ní Bùkọ́lá ṣá. Àmọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó gbàdúrà, Bàbá sáré gba maíkì lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀.