Ọba-Títì Gun Onítáyà Mẹ́rin

Ẹ bá mi kí Ọba-Títì. Ẹ tètè kí i o, nítorí bí ẹ bá pẹ́, yóò ti kí ara rẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ló fi ń gun alùpùpù gbé lẹ́tà káàkiri fún ilé iṣẹ́ kan tó ń gbin igi gẹdú. Ó mọ̀ ọ́n gùn, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Bó bá dé kọ́nà, á kàn rọra fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, alùpùpù náà á sì bá a fì. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbà pé nítorí òun ni Ọlọ́run ṣe dá títì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọba-Títì, ó sì fi oríkì lé e: Atẹ̀-síbí-tẹ̀-sọ́hùn-ún, ọkùnrin tí afẹ́fẹ́ ń yà fún. A máa wí pé, "Ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èmi tí mo gun alùpùpù, ilẹ̀ ló ń sá fún mi."

Ilé iṣẹ́ wá ra alùpùpù mẹ́fà onítáyà mẹ́rin, èyí tí wọn yóò máa gùn lọ sínú igbó orí òkè. Màníjà ní òun yóò yan olórí fún àwọn tí yóò máa gùn ún, olórí náà yóò sì ní ọ́fíìsì tirẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó balẹ̀, Ọba-Títì ti lọ wọn fèrèsé ọ́fíìsì náà fún kọ́tìnì.

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gùn ún wá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo ni wọ́n rán wá ṣe olùkọ́.

"Ẹ̀kọ́ kí ni?" ni Ọba-Títì wí lójú gbogbo wọn. "Ẹni tó ń gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ṣubú, kí ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ fún un? Àga nìyẹn. Ta lẹ rí tó lọ síléèwé torí pé ó fẹ́ jókòó lórí àga?"

"Ẹ má bínú, sà," ni olùkọ́ wí, "kì í ṣe bákan náà. Alùpùpù máa ń bá yín fì. Eléyìí kì í fì. Ọwọ́ ẹ̀ lẹ máa yí, kẹ́ ẹ wá sún ìdí sápá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yà sí. Tó bá wá di ti ẹsẹ̀ yín..."

"Ọmọ mi, ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Olùkọ́ ní òótọ́ ni, òun kò ní àkísà. Bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣe kù sí i lẹ́nu nìyẹn.

Àwọn agbélẹ́tà yòókù rí i pé ọ̀gá àwọn kò lọ, àwọn náà kò lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá lòun ti ń fi orí ru igi kéékèèké láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn lọ sórí òkè, ọrùn sì ti ń dùn ún.

"Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ pé o lọ síbẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tó délé.

"Mo lọ, Bàbá Ìbejì. Ẹ bá wa ká lọ lọ́la. Ó yàtọ̀ sí tiyín o."

"Kí n jókòó ti ìyàwó mi, kí ọmọdé máa kọ́ wa? Má da ara ẹ láàmú. Tí mo bá ti dé ọ́fíìsì mi, màá wáṣẹ́ fún ẹ. Wàá máa nu táyà."

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ọba-Títì lọ bá màníjà. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí pápá, kí òun gun nǹkan náà yí i ká lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì fi òun jẹ olórí lójú ẹsẹ̀. Màníjà bi í pé bí kò bá ṣe é ńkọ́.

"Ẹ gbé e fẹ́ni tó bá lè ṣe é," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Aṣọ funfun báláú ló wọ̀ dé pápá, pẹ̀lú awò dúdú. Ó gun orí nǹkan náà, ó sì yí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún alùpùpù níná. Kò mira. Ó tún yí i.

"Ó ti bàjẹ́. Ẹ wo irú ọjà tí wọ́n rà."

"Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, sà," ni olùkọ́ wí.

"Mo mọ̀. Mo ń dá a lára yá ni."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ta gìrì lọ. Ọ̀nà gbọọrọ ni níbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, Ọba-Títì tilẹ̀ ń juwọ́ sáwọn èèyàn. Ìgbà tó dé kọ́nà ló fì. Ó fì dáadáa, bó ti ń fì láti ọdún méjìlélógún. Nǹkan náà kò wo ibi tó wà. Ọkùnrin náà dà sọ́wọ́ ọ̀tún, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí iwájú gan-an, wọ́n já okùn tí wọ́n fi yí pápá ká, wọ́n sì kó wọnú ebè irúgbìn. Ẹ̀rù ba Ọba-Títì. Ó tẹ bíréèkì, ó sì na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kíá, bí alálùpùpù ṣe máa ń ṣe kó má baà ṣubú. Nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò ní í ṣubú. Táyà ẹ̀yìn tó ṣì ń bọ̀ gun bàtà rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ilẹ̀ rírọ̀ ló yọ ọ́, egungun kò ṣẹ́. Wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sáàárín irúgbìn pẹ̀lú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ kan ṣì há sábẹ́ táyà. Àwọn agbélẹ́tà gbìyànjú láti gbé nǹkan náà, ńṣe ló tún rì.

"Màmá, ẹ wá bá wa wà á kúrò," ni olùkọ́ wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Kì í ṣe òun," ni Ọba-Títì wí. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi wà níbí."

"Ìwọ lo ní àga lásán ni," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "A ò mọ̀ ọ́n wà."

Táyà tún rì díẹ̀ sí i.

"Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́."

Ó gùn ún, ó rọra fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, táyà sì kúrò lórí bàtà ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró. Ó padà sójú ọ̀nà, ó sún ìdí ní kọ́nà, ó yí ọwọ́, ó sì yí pápá náà ká tán kó tó dúró níwájú màníjà. Màníjà kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì náà sí i lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ló ti kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Tí ẹsẹ̀ bá ti fúyẹ́, ẹ wá forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ má pẹ́ dé."

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sí Ọba-Títì láti gbọ́ èsì. Ó wo màníjà, ó wo táyà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, mà."