Ẹsẹ̀ Drane Tó Ń Sọ Òjò

Ẹjọ́ kan gun òkè dé yàrá àlejò Baálẹ̀ Lulash lọ́jọ́ Àìkú kan. Obìnrin ló pè é. Drane, ìyàwó Ndoc, ló ní kí àwọn àgbà abúlé bá òun bi ọkọ òun pé ọjọ́ wo gan-an ni òun kú.

Níwájú Lulash, ẹni tó bá ń rojọ́ á dúró ni. Drane dúró díẹ̀, ó fọwọ́ ti ògiri. Iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wú láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó sì dúdú bí èso àjàrà.

"Jókòó, ìyá," ni Lulash wí. "Ẹsẹ̀ yẹn ti rojọ́ kí ẹnu rẹ tó ṣí."

Ó jókòó, ó sì sọ tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé Ndoc ló ti ń dúró ti ìkòkò wàrà, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí wàràkàṣì á fi dì. Lẹ́yìn ọmọ kẹta ni iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹsẹ̀ á wúwo bí ẹni pé ó gbé òkúta, á máa jó o, á sì máa yún un. Nígbà òtútù tó kọjá, Pashk, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ìlú Shkodër nísàlẹ̀ òkè, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fi ẹ̀rọ wo inú ẹsẹ̀ náà. Ó fi hàn án bí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gòkè padà sọ́kàn ṣe ń já wálẹ̀, nítorí pé àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan kò padé mọ́. Awọ ọrùn ẹsẹ̀ pàápàá ti ń dúdú. Dókítà ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè di egbò tí kò ní í jinná bọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ba Drane pé wọn á la ẹsẹ̀ òun bí ẹni la ẹja. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn iṣan kan wà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ oògùn tó ń hó bí ọṣẹ dí, òmíràn sì wà tí wọ́n ń fi àtè lẹ̀ pa. Ti Drane tóbi. Okùn tín-ín-rín ni wọn á tì bọ̀ ọ́ láti ojú ihò abẹ́rẹ́, iná orí okùn náà á sun iṣan náà pa láti inú, ẹ̀jẹ̀ á sì wá ọ̀nà mìíràn tó dáa gbà.

"Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n fi oògùn pa ìrora rẹ̀, ojú mi sì là kedere," ni Drane wí. "Mò ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n fi ṣe é tán. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn jáde."

Ó ká yẹ̀rì sókè dé orúnkún. Ẹsẹ̀ òsì náà jọ̀lọ̀. Àwọn àgbà kọ́kọ́ wo ògiri nítorí ìtìjú, lẹ́yìn náà gbogbo wọn wò ó dáadáa.

Dókítà wá dá ọjọ́ fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọjọ́ náà kù díẹ̀ ni ilé ìwòsàn pe Pashk, tí nọ́ọ̀sì ń bá a kẹ́dùn. Ó ní ọkọ aláìsàn fúnra rẹ̀ ló pè, pé aya òun ti kú, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Pashk ra kọfí àti ṣúgà tí wọ́n ń mú lọ kí ọlọ́fọ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ó ń sunkún bọ̀ látìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tó kan ìlẹ̀kùn Ndoc, òkú ló ṣí i fún un, pẹ̀lú korobá wàrà lọ́wọ́.

"Mo dákú," ni Pashk wí láti ẹ̀yìn. "Drane ló da omi lé mi lórí."

Lulash yíjú sí Ndoc, tó ti ń fọwọ́ ra irunmú rẹ̀ látàárọ̀ bí ẹni pé oyè ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ.

"Ṣé ìwọ lo pè wọ́n?"

"Èmi ni, Baálẹ̀."

"O ní ìyàwó rẹ kú?"

"Mo ní ó ti lọ. Nọ́ọ̀sì ló fi ìyókù kún un."

"Irọ́ ni," ni Pashk wí. "Ó sọ fún wọn pé òjò pa àwọn níbi ìsìnkú."

Ndoc dìde, ó kọjú sí àwọn àgbà, ohùn rẹ̀ sì yí padà bíi ti ẹni tó ń gbàjà ìlú.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ló ń sọ òjò ní abúlé yìí. Bó bá ti kérora lóru, èmi ni mo ń jáde wá kìlọ̀ fún yín pé ẹ má gé koríko tí ẹ fẹ́ sá gbẹ fún ẹran. Látìgbà tí wọ́n ti sun ti òsì, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń gbọ́. Bí wọ́n bá tún sun ti ọ̀tún, kí la ó máa wò? Ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Tiwa ni."

Àgbà kan bi í pé fóònù tó fi pa ìyàwó rẹ̀ yẹn, ṣé kì í sọ òjò ni.

"Ó ń sọ ọ́," ni Ndoc dáhùn. "Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ fún."

Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni Gjokë, aládùúgbò rẹ̀. Gjokë búra pé ẹsẹ̀ Drane kò parọ́ rí.

"Ìgbéyàwó ọmọ rẹ ńkọ́?" ni Lulash bi í.

Gjokë wolẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé Ndoc ló wá sọ lọ́jọ́ náà pé ẹsẹ̀ sinmi, pé kí àwọn tẹ́ tábìlì síta. Òjò kún inú àwo, àwọn olórin sì sá wọ ilé ewúrẹ́.

"Ó parọ́ nìyẹn."

"Kò parọ́, Baálẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni."

Wọ́n pe ìyá àgbà Mrikë, tí ògiri rẹ̀ bá ti Ndoc tan. Ó ní alaalẹ́ ni òun ń gbọ́ igbe Drane, òjò rọ̀ o, òjò kò rọ̀ o. "Lórí òkè wa yìí, òjò kò wọ́n. Nígbà ayé ọkọ mi, èmi náà ń sọ lójoojúmọ́ pé á mutí yó, ó sì ń yó lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí ní wòlíì."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Drane kò rẹ́rìn-ín. Kò bínú mọ́ pàápàá. Ojú ló ń tì í, kò sì mọ̀ nítorí ta ni. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Lóru, mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń dìde jókòó nígbà tí mo bá ń kérora," ló wí. "Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe yín."

Ndoc tún fọwọ́ kan irunmú rẹ̀, ó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Lulash bá àwọn àgbà fẹnu kò wúyẹ́wúyẹ́, ó sì dá ẹjọ́.

"Ndoc, ọkùnrin òkè kì í kó ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ. O ní ìyàwó rẹ kú. A gbà. Òkú kì í fún wàrà, kì í sì í fọ aṣọ. Kí Drane bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Shkodër. Ọjọ́ tó bá wù ú ni kó jíǹde. Bí kò bá wù ú, ikú ni, a kì í bá ikú jà. Ìwọ, ṣọ̀fọ̀ rẹ. O kò gbọdọ̀ fá irùngbọ̀n, o kò gbọdọ̀ mu ọtí rakí. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o máa se wàrà, kó o sì máa dúró gba àwa tá a máa wá kẹ́dùn. Gbogbo abúlé ló ń bọ̀. Bó bá pẹ́ tó, iṣan tìrẹ náà á yọ. Nígbà náà, wá sọ òjò fún wa."

"Baálẹ̀, ìgbà koríko ti dé. Ta ló máa bá mi ṣiṣẹ́?"

"Bi olóògbé."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Drane wọ ọkọ̀ Pashk, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, dókítà sun iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pinpin, ó sì ní kó jáde lọ máa rìn. Ó ṣì ń rìn lẹ́bàá adágún tó wà ní Shkodër, kò tíì sọ ìgbà tí yóò padà.

Lókè, Mrikë ló kọ́kọ́ dé ilé ọ̀fọ̀. Ó bá Ndoc nídìí ìkòkò, wàrà ti hó dànù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà níbàdí.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ló wí. "Irú ikú wo ló pa á?"

Ndoc ní kí ó fi òun sílẹ̀, láti àárọ̀ ni òun ti wà lórí ìdúró.

"Ìyẹn náà ló pa á," ni Mrikë wí, ó sì fa àga sún mọ́ iná.