Ọkọ̀ Tí Màmá Tíṣà Kò Jókòó Wò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọkọ̀ tí a ó rà fún àgbà, ìdí àgbà ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́.

Wọ́n ta ọkọ̀ Màmá Tíṣà láì bi í. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, kò ní iyọ̀, kò ní ata. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà sílé. Nígbà tí yóò fi padà dé, abẹ́ igi máńgòrò tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà ti ṣófo. Òróró dúdú tó ti ń kán síbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógún nìkan ló kù.

Ẹni tó tà á kì í ṣe olè. Akínyọsóyè ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an, tí gbogbo Ìdànrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣòro.

Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ náà ti darúgbó. Ìta nìkan ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń ti dígí rẹ̀ sókè. Bí a bá yà sọ́tùn-ún, fèrè rẹ̀ á dún fúnra rẹ̀, ará àdúgbò á sì máa kí i padà. Ṣùgbọ́n owó oṣù tíṣà ni Màmá Tíṣà fi rà á, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń wà á. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń wà á lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ilé Ìyá Olókè wà lẹ́yìn àpáta ńlá méjì, àárín àpáta méjèèjì ni ọ̀nà sì gbà. Ọ̀nà mìíràn kò sí. Ọkọ̀ àtijọ́ yẹn máa ń gba ibẹ̀ bí òwú ṣe ń gba ojú abẹ́rẹ́. Orúnkún Màmá Tíṣà kò lè gun òkè náà mọ́. Bí kò bá sí ọkọ̀ tó lè gba ibẹ̀, kò ní rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ àfi tí ẹnìkan bá ṣàánú rẹ̀.

Akínyọsóyè kò béèrè gbogbo èyí. Àkúrẹ́ ló lọ, ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, ó wọ inú jíípù dúdú kan, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Ó gbà mí dáadáa. Ó máa gba Màámi."

Ẹ wo ìṣirò yẹn! Bí Akínyọsóyè bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú yàrá á ṣókùnkùn. Orí ìyá rẹ̀ kò kọjá ìgúnpá rẹ̀.

Nígbà tí jíípù náà wọ àdúgbò, gbogbo ènìyàn tú jáde. Irú rẹ̀ kò wọ ibẹ̀ rí. Ó ga, ó fẹ̀, ó ń dán débi pé Ìyá Ṣijúwadé, aládùúgbò Màmá Tíṣà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì fi ara ọkọ̀ náà ṣe dígí, ó tún un wé. Bàbá Adúlójú tó jẹ́ baálé àdúgbò bọ́ bàtà sílẹ̀ kí ó tó sún mọ́ ọn.

"Màámi, ẹ kú oríire!" ni Akínyọsóyè wí. "Jíípù yín rè é!"

"Ọkọ̀ mi dà?"

"Mo ti tà á, Màámi. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá gbé e lọ."

"Ta lo bi léèrè?"

"Màámi, mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni."

"Ó yà mí lẹ́nu," ni Màmá Tíṣà wí.

"Ẹ dúpẹ́, Màmá Tíṣà!" ni àwọn èrò ń pariwo. "Ọmọ mélòó ló ń ṣe irú èyí?"

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀bùn bo ẹ̀tọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù náà ni wọ́n á tún ní kó máa dúpẹ́. Màmá Tíṣà wo abẹ́ igi máńgòrò, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ń dán ju jíípù lọ, ó sì gba kọ́kọ́rọ́.

Ní àdúgbò náà, ọkọ̀ tuntun kì í ṣe iṣẹ́ kankan títí àgbà ẹbí yóò fi gbé ọwọ́ lé e, tí yóò sì wúre. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà á lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Olókè ni àgbà ẹbí. Bàbá Ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Bàbá Adúlójú àti Ìyá Ṣijúwadé ti jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n.

Ó wá ku ẹni tó ni ọkọ̀. Màmá Tíṣà gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé. Wọ́n gbé àpótí wá, kò tó. Wọ́n gbé kéréètì lé àpótí, ó ń mì. Ìyá Ṣijúwadé bọ́ sílẹ̀, ó yí odó jáde láti ilé ìdáná rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé.

"Èèwọ̀!" ni Bàbá Ìjọ ké láti inú ọkọ̀.

"Bàbá, jíjókòó lórí odó la gbọ́ pé ó jẹ́ èèwọ̀. Ta ló sọ̀rọ̀ ìdúró?"

Wọ́n jà á dé ibì kan, kò yanjú. Níkẹyìn, àkàbà tí wọ́n fi ń ká máńgòrò ni wọ́n gbé wá. Màmá Tíṣà gun àkàbà nínú léèsì rẹ̀, ó wọlé, ó sì pòórá.

"Màmá Tíṣà dà?" ni àwọn tó wà níta ń bi ara wọn.

"Mo wà níbí!" Ṣóńṣó gèlè nìkan ni wọ́n rí.

Wọ́n gbé ìrọ̀rí méjì sábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan bíréèkì mọ́. "Ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ yẹn, Màámi," ni Akínyọsóyè wí, "ìjókòó á sún síwájú." Màmá Tíṣà tẹ̀ ẹ́. Ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ń dùbúlẹ̀ bó ṣe ń lọ, títí orí Màmá Tíṣà fi gúnlẹ̀ sórí itan Bàbá Ìjọ.

Ó wo ojú rẹ̀ láti ibẹ̀. "Bàbá Ìjọ, ẹ kú ìjókòó o."

Wọ́n tún ìjókòó ṣe, Akínyọsóyè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ níwájú, wọ́n gbéra. Jíípù náà kò ní kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òsì Màmá Tíṣà ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti ọdún mọ́kànlélógún. Ẹsẹ̀ náà ń wá iṣẹ́ rẹ̀ kiri, bíréèkì ló sì ń bá. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ sáré díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á rọ́ lu bíréèkì, kì! Iwájú orí Akínyọsóyè á lọ kan dígí.

"Olúwa, gbé wa..." ni Bàbá Ìjọ ń gbàdúrà. Kì! "...dé láyọ̀!"

Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò so bẹ́líìtì, nítorí náà ọkọ̀ ń dún tín-ín, tín-ín. Bàbá Adúlójú di apá Ìyá Ṣijúwadé mú, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. "Ẹ gbọ́! Ó ń ṣe àmín!"

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ẹnu àpáta méjì. Màmá Tíṣà dúró.

"Yọsóyè, ọkọ̀ yìí kò ní gba ibẹ̀."

"Ó máa gbà, Màámi. Mo ti fojú wọ̀n ọ́n."

"Èmi tí mo ti ń gba ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógún ńkọ́?"

"Màámi, ẹ ṣáà máa lọ."

"Ẹ máa lọ, Màmá Tíṣà!" ni àwọn ará ẹ̀yìn náà wí. "Ọkọ̀ tó ń ṣe àmín!"

Gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ ló mọ ọ̀nà náà ju ẹni tó ń rìn ín lọ. Màmá Tíṣà fi ẹsẹ̀ tẹ iná. Jíípù wọlé, ó wọlé díẹ̀ sí i, ó sì há bí òkèlè ìjẹkújẹ. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kò ṣí, ti òsì kò ṣí. Wọ́n yí dígí sílẹ̀, àpáta ni wọ́n bá. Aláǹgbá kan yọjú wọlé, ó wo Bàbá Ìjọ, ó sì padà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ti rí tó.

Kò pẹ́ tí ìlú fi gun orí àpáta méjèèjì, wọ́n ń wo ìyanu nísàlẹ̀. Àwọn àgbà wọn wà nínú jíípù bí ẹja inú agolo.

Búùtù nìkan ló kù tí wọ́n lè gbà jáde. Ìyá Ṣijúwadé kọ́kọ́ yọ́ jáde, gèlè ṣáájú. Akínyọsóyè fà gàgà kọjá lórí àwọn àgbà méjèèjì, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ orúnkún kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìjọ tẹ̀ lé e. Ó wá kan Bàbá Adúlójú, tí agbádá rẹ̀ fẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì fẹ̀ ju agbádá lọ. Ó há sórí ẹ̀yìn ìjókòó, orí rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú. Ibẹ̀ ló ti gbé ojú sókè.

"Akínyọsóyè, ìdí ta ló kọ́kọ́ kan ìjókòó ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta la rà á fún?"

"Màámi ni, sà."

Bàbá Adúlójú mí kanlẹ̀. Bó ṣe há bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pa òwe tí à ń wí yìí, Bàbá Ìjọ sì gbè é láti ìsàlẹ̀. Kò sí òwe tí a tíì pa láti inú búùtù tó ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fà á yọ.

Ó ku Màmá Tíṣà nìkan nínú ọkọ̀. "Ẹ da omi ọṣẹ sí ara àpáta," ni ó wí. Wọ́n dà á. Ó bọ́ bàtà. Ó ká ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì jókòó lé e, kí ó má bàa bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Jíjókòó bẹ́ẹ̀ gbé e ga sí i. Ó wo ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Jíípù ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, àpáta fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, kò sì ha á lára. Lórí àpáta, àwọn ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè-Ọya bọ́ fìlà.

Ó jáde gbangba, ó pa ọkọ̀.

"Màámi, ẹ mọ̀ ọ́n wà!" Akínyọsóyè sáré dé, kókó ti yọ níwájú orí rẹ̀. "Ó ti di tiyín!"

Màmá Tíṣà na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Mo mọ̀ ọ́n wà. N kò yàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọ̀la, a jọ ń lọ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ni n ó yàn. Ìwọ á bá mi gbé báàgì."

Kí wọ́n tó lọ, ó fi okùn wọn ẹnu àpáta, ó sì so kókó sí ibi tó parí. Ní Àkúrẹ́, ó jókòó nínú ọkọ̀ mẹ́jọ, ó ń tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, ó ń na okùn sí ìbú wọn. Ìkẹsàn-án jẹ́ jíípù kékeré kan, aláwọ̀ obì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ún láìsí àkàbà. Ojú rẹ̀ rí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bá kílọ́ọ̀ṣì nílé. Ó na okùn sí i, okùn ṣẹ́kù.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, kí bùọ̀dá bá yín jókòó wò ó. Àwọn ọkùnrin ló mọ ọkọ̀."

Akínyọsóyè gbé báàgì ìyá rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì fọwọ́ kan kókó iwájú orí rẹ̀. "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ tí a ó rà fún àgbà, ìdí àgbà ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."