Ta Ló Pe Bàbá Akọrin ní Òbúkọ?

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Kábíyèsí wa ní Bàrígà lánàá, àwọn ìjòyè ò sì tíì bọ́ nínú ẹ̀rín rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá Ìbídàpọ̀ ló pẹjọ́. Kápẹ́ńtà ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ládùúgbò wa fún ọgbọ̀n ọdún. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n fi wọ́n jẹ díákónì. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni Rájí, tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú.

Bánà kan ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú Kábíyèsí. Àwòrán Bàbá Ìbídàpọ̀ ló wà lórí rẹ̀, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n de táì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: BÀBÁ WA NI ÒBÚKỌ.

Kábíyèsí wo bánà, wọ́n wo Bàbá Ìbídàpọ̀, wọ́n tún wo bánà.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kádé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti gbé nǹkan yìí kọ́ sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, n ò mọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ kí mi lójú títì. Wọ́n ní, 'Bẹ̀ẹ̀ẹ̀, Bàbá!'"

"Ẹ sì dá wọn lóhùn?"

"Mo rò pé òyìnbó tuntun ni. Mo ní, 'Bẹ̀ẹ̀ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi.'"

Ààfin dà rú fún ẹ̀rín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ìwé Mímọ́ ní, lọ́jọ́ ìkẹyìn, àgùntàn á bọ́ sápá ọ̀tún, ewúrẹ́ á bọ́ sápá òsì. Ta ló ń fi ewúrẹ́ jẹ díákónì? Ewúrẹ́ gan-an tún sàn. Òbúkọ ni wọ́n pè mí! Gbogbo ayé ló mọ òórùn òbúkọ, gbogbo ayé ló sì mọ ohun tí òbúkọ ń lé kiri. Àwọn àgbà ìjọ ti ń bi mí pé obìnrin wo ni!"

Díákónì Ọlọ́runṣògo, akọ̀wé ìjọ, dìde.

"Òtítọ́ ni, Kábíyèsí. Ìjọ ti sọ ọ́: bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá mọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú, a ò ní gbọ́wọ́ lé wọn lórí."

Kábíyèsí kọjú sí Rájí, tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí ni Bàbá yìí fi ṣe ẹ́?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí, Kábíyèsí. Àpọ́nlé ni mo ṣe fún wọn."

"Òbúkọ ni àpọ́nlé?"

"Ẹ jẹ́ n là á. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù pé, 'Our Baba is the G.O.A.T.' Mo rí i pé àmì ìdánudúró ń bẹ lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ní fóònù ẹni tó kọ ọ́ ń kólòlò. Mo bá a kó àmì náà kúrò, láìgba nǹkan kan. Ó wá ku 'goat'. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nítorí àwọn àgbàlagbà. Mo kọ́kọ́ kọ ewúrẹ́. Mo wò ó, mo ní rárá o, abo ni ewúrẹ́. Ṣé irú bàbá báyìí ni n ó pè lábo? Ni mo bá pa á rẹ́, mo kọ òbúkọ. Ọ̀wọ̀ ni, Kábíyèsí!"

"Ẹ gbọ́ ọ!" Bàbá Ìbídàpọ̀ fò dìde. "Ó jókòó, ó ronú, kó tó pè mí lóbúkọ!"

Kábíyèsí ní kí ẹni tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ jáde. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀. Wonder lorúkọ rẹ̀, akọrin ni, àwọn òbí rẹ̀ ń pẹja létí ọ̀sà.

"Èmi ni, Kábíyèsí. Mo fi yìn wọ́n ni."

"Ìwọ náà yìn wọ́n!"

"GOAT yẹn kì í ṣe ẹran, Kábíyèsí. Greatest Of All Time ni. Bí wọ́n ṣe ń pe agbábọ́ọ̀lù tó bá gbóná jù nìyẹn. Ẹni tí kò sí irú rẹ̀ rí."

"Kí ló dé tí wọn ò fi kìnnìún yìn ín?"

"Lẹ́tà rẹ̀ ò bá a mu, Kábíyèsí."

Olóyè Fuad, tó ń bá Kábíyèsí kọ ẹjọ́ sílẹ̀, ń ka ìka: "Ewúrẹ́ kìíní, ti apá òsì. Ìkejì, ti bọ́ọ̀lù."

Rájí gbórí sókè nílẹ̀. "Ẹ bi ọmọ yìí kí ni Bàbá ń pè é tó bá ṣi orin kọ."

Wonder wo ilẹ̀. "Wọ́n á ní, 'Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ṣé o ò gbọ́ ohùn ni?'"

"Ṣé ìyìn nìyẹn náà?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Ìyẹn, ewúrẹ́ tòótọ́ ni."

"Ìkẹta, ti aláìgbọràn," ni Olóyè Fuad wí.

"Ẹ ò rí i!" Rájí pariwo. "Bàbá náà ń pe èèyàn ní ewúrẹ́! Èmi nìkan ni wọ́n wá fẹ́ fi ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń di ẹ̀ṣẹ̀ ìlú rù, tí wọ́n á lé wọgbó!"

"Ìkẹrin. Ẹ rọra o, bébà mi ń tán lọ."

Kábíyèsí pe Ìyá Fadékẹ́, ìyàwó Bàbá Ìbídàpọ̀, láti wá jẹ́rìí. Ó búra, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Kábíyèsí, irọ́ gbuu ni. Ọkọ mi kì í ṣe òbúkọ. Ọdún méjìlélógójì tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, wọn ò wo obìnrin kankan lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá Ìbídàpọ̀ ń mi orí, inú wọn dùn.

"Òórùn ńkọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

Ìyá Fadékẹ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mo ní òórùn ńkọ́?"

"Kábíyèsí, iṣẹ́ kápẹ́ńtà le, oòrùn Èkó náà sì mú."

"Ìyá Fadékẹ́!"

"Ẹ má bínú, Bàbá Fadékẹ́. Mo ti búra."

Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Kábíyèsí gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè.

"Rájí, o ní àpọ́nlé ni òbúkọ?"

"Àpọ́nlé ńlá, Kábíyèsí."

"Ó dáa. A kì í jẹ́ kí àpọ́nlé ṣòfò. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, yọ àwòrán Bàbá kúrò lórí bánà yìí, fi tìẹ sí i, kí o gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ fóṣù mẹ́ta."

"Yéè! Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an làwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi ń gbé!"

"Wọ́n á mọ̀ pé ẹni àpọ́nlé ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ fún. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, tẹ òmíràn: BÀBÁ WA, KÒ SÍ IRÚ YÍN RÍ. Díákónì, ṣé ìyẹn á mọ́ lójú ìjọ?"

"Á mọ́, Kábíyèsí. A ó gbọ́wọ́ lé wọn lórí lọ́jọ́ Àìkú."

Bàbá Ìbídàpọ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n fi aṣọ nu ojú.

"Bàbá, kò tíì parí. Akọrin tó bá ṣi orin kọ, ẹ pè é lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ Wonder, ìgbà mìíràn tí o bá fẹ́ yin àgbà, kọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹni tó fi lẹ́tà mẹ́rin péré yin iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún, ahun ni."

Rájí rá dé ẹsẹ̀ ìtẹ́.

"Kábíyèsí, mo gba ẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí n kọ ewúrẹ́ sí tèmi."

Kábíyèsí ti ń dìde lọ.

"Ewúrẹ́ kẹ̀? Ọkùnrin bíi tìẹ? Ká má rí i. A ó bọ̀wọ̀ fún ẹ, Rájí."