Ìkùukùu Lọ́ńdọ̀nù Lẹ́yìnkùlé Adéróunmú

Ẹ bá mi kí Adéróunmú Ojú-Ayé, ọkọ kámẹ́rà, a-wọ-kóòtù-nínú-oòrùn, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbé ní àdúgbò Challenge tí ẹnu rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀, yóò ní, "Àárọ̀ ti ibo? Ti ibí ni àbí ti ọ̀hún?" Ìwé pélébé tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú kò kúrò lára àpótí kámẹ́rà rẹ̀ láti ọdún 1994. Ẹrù ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ti òun fúnra rẹ̀, ibi tó jìnnà jù lọ tó dé láyé ni Kútọnu, mọ́tò ló sì wọ̀ lọ.

Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ring Road. Bàálù kan dúró nínú ìkùukùu, ìrù rẹ̀ nìkan ló hàn kedere, ojú ọ̀run sì ṣú bí ojú ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. Adéróunmú sọ ọ́ ní "Àárọ̀ Ìdágbére ní Lọ́ńdọ̀nù." Màmá kan láti Jericho, tí ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun tí kò kọ lẹ́tà mọ́, dúró níwájú fọ́tò náà, ó sunkún títí ìborùn rẹ̀ fi tutù. Adéróunmú yá a ní áńkáṣíìfù. Lẹ́yìn náà ló ta ẹ̀dà fọ́tò náà kan fún un, ó sì fi owó áńkáṣíìfù lé e.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Adéróunmú kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà.

Aṣọ ni bàálù yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́dà kan ní Ṣàngó ló yà á sára aṣọ, irú èyí tí àwọn ayàwòrán máa ń fi kọ́ sẹ́yìn oníbàárà tó bá fẹ́ ṣe bí ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Adéróunmú fi í kọ́ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀, tó máa ń ya fọ́tò páàsípọ́ọ̀tù nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kúnlẹ̀, ó kó ewé tútù lé èédú, ó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín náà sókè. Ó ń húkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Sún sẹ́yìn!" ni ọkọ rẹ̀ ń pariwo. "Ọwọ́ rẹ ń ba Lọ́ńdọ̀nù jẹ́!"

Nígbà tó wọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, ó gé gbogbo ìsàlẹ̀ fọ́tò náà dànù. Bí wọ́n ṣe bí Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn.

Lọ́dún 1999, Ọláníkẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì sí Agbowó. Ibẹ̀ ni Adéróunmú ti bá agbo àwọn ayàwòrán kan pàdé nínú kọ̀ǹpútà. Ará Kánádà wà níbẹ̀, ará Japan wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ràn pápákọ̀ òfurufú nínú òjò, nínú ìkùukùu, nírọ̀lẹ́ tí ọkàn èèyàn máa ń wúwo. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ẹni tó bá gbé fọ́tò kalẹ̀, wọ́n á sọ ibi tó dára, wọ́n á rọra sọ ibi tó kù sí, wọ́n á sì kọ́ ọ ní ohun tí ọ̀gá ẹlòmíràn ń fi pamọ́ títí tó fi kú. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Adéróunmú gbé ìkùukùu tirẹ̀ náà kalẹ̀, wọ́n sì yìn ín.

Ẹni tí wọ́n yìn tí kò sinmi ni mò ń sọ yìí. Àsìkò náà ni ipò alága ṣófo nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tó ń pàdé ní Dùgbẹ̀. Adéróunmú dìde nípàdé, ó tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Ẹgbẹ́ àgbáyé kan wà," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ẹ fi mí ṣe alága, kí kálukú mú owó ìwọlé wá, n ó sì mú yín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bàbá Ọlálẹ́yẹ, tí òun náà ń du ipò ọ̀hún, tó ti ń ya fọ́tò kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Adéróunmú, ṣé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń gba owó ìwọlé lórí ọ̀rẹ́?"

"Ẹ máa ya ìkómọ yín lọ, Bàbá. Ìbànújẹ́ àwọn òyìnbó ni èmi ń yà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ ti ń kówó jọ. Adéróunmú ní dandan, ṣọ́ọ̀bù Ọláníkẹ́ ni wọ́n ti máa dìbò lọ́jọ́ Sátidé, níwájú kọ̀ǹpútà, kí ayé lè jẹ́rìí sí òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìròyìn dé láti agbo. Àṣà wọn ni pé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á yan fọ́tò kan, ẹni tó yà á á sì fi gbogbo nẹ́gátíìfù hàn láìgé ohunkóhun, kí àwọn yòókù lè fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n yan ti Adéróunmú. "Wọ́n yàn mí" nìkan ni etí rẹ̀ gbọ́. Ó sáré gbé nẹ́gátíìfù wá.

Ọláníkẹ́ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Sà, ṣé kí n gé ìsàlẹ̀ yìí? Ó dà bíi pé nǹkan kan..."

"Gé kí ni? Ṣé Lọ́ńdọ̀nù lo fẹ́ gé? Fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà!"

Ẹ má bínú sí i. Èyí tó gé ló ti ń wò lára ògiri láti ọjọ́ yìí, ó ti gbàgbé pé ohunkóhun wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu ọ̀nà. Àmúdàtù jókòó níwájú, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ni òun náà. Ọláníkẹ́ tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin náà mọ íńtánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn: láti òkè ni fọ́tò ti ń yọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ẹní.

Ìkùukùu kọ́kọ́ jáde.

"Ẹ wò ó!" ni Adéróunmú wí. "Òtútù ọjọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọlọ́pàá òyìnbó kan ló yá mi ní ìbọ̀wọ́."

Ìrù bàálù yọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ikùn bàálù yọ. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni etí aṣọ yọ, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Búlọ́ọ̀kù kẹ̀?" ni Jóṣúà béèrè, ọ̀kan nínú àwọn tó ti san owó ìwọlé.

"Wọ́n ń tún èápọ́ọ̀tù ṣe nígbà náà," ni Adéróunmú dáhùn.

Ara ògiri yọ, pẹ̀lú ohun tí onílé fi èédú kọ síbẹ̀. Jóṣúà kà á sókè: "MÁ ṢE TỌ̀ SÍBÍ."

"Yorùbá pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù!"

Adìẹ yọ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Adéróunmú gbójú sókè wo gílóòbù, ó ń bẹ Ọlọ́run kí iná lọ. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń mú iná lọ ní Agbowó láàárọ̀ lálẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, gílóòbù náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Èyí tó yọ kẹ́yìn ni èédú, ewé tútù, abẹ̀bẹ̀, àti ọwọ́ obìnrin kan tó wọ ẹ̀gbà méjì tó lọ́ mọ́ra. Gbogbo ojú yí sí ọwọ́ Àmúdàtù. Ẹ̀gbà náà wà níbẹ̀.

Ọláníkẹ́ ń ka èsì agbo, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. "Ará Kánádà ní èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ló dé tí wọ́n fi gé ibi tó dùn jù dànù? Ará Japan ní ìkùukùu yẹn ló pa òun lẹ́kún. Ó ní ta ni obìnrin tó ṣe é, kó máa bọ̀ láàárín àwọn."

"Owó ìwọlé rẹ̀ ńkọ́?" ni Jóṣúà béèrè.

"Owó wo? Orúkọ yín nìkan ni wọ́n ń béèrè."

Ṣọ́ọ̀bù dàrú. Àwọn kan di kóòtù Adéróunmú mú, wọ́n ń béèrè owó wọn. Ẹnì kan ní ta ló máa lọ sọ fún màmá ará Jericho. Bàbá Ọlálẹ́yẹ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tó gbé wa wá. Ẹni tó bá fẹ́ Adéróunmú ní alága, kó nawọ́ sókè."

Ọwọ́ kankan kò gbéra. Adéróunmú, tí òógùn ti rin kóòtù rẹ̀, yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àmúdàtù," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. "Ìwọ náà ńkọ́? Nawọ́ sókè."

Ọwọ́ tí Kánádà àti Japan ti rí wà lórí itan Àmúdàtù, kò sún.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" ni ó wí. "Ẹ ní ọwọ́ mi ń ba Lọ́ńdọ̀nù jẹ́."