Ohun Tó Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà Fáníran

Ta ló mọ̀ nínú yín, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Ẹ má wojú ara yín. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, àwọn kan á ní àṣírí awo ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló fà á, ìlú Ìsẹ́yìn ló sì ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan ló ń jẹ́ Fáníran. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń ṣe: bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, òun ni yóò ya ibi tí yàrá máa wà àti ibi tí fèrèsé máa kọjú sí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ojo ni. N kò fi bú u o, òun fúnra rẹ̀ kò jiyàn. Bí òjò bá ṣú, á ti wà lábẹ́ tábílì kí àrá tó sán. Bí adìẹ bá fò lójijì, Morónkéjì ìyàwó rẹ̀ ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú títí àyà rẹ̀ á fi balẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi pẹ́ńsù àti rúlà ṣiṣẹ́, nítorí pé kì í fẹ́ sún mọ́ ohunkóhun tó bá ń lo iná.

Ilé ìgbẹ̀bí ló sọ ọ́ di oníkọ̀ǹpútà. Àdúgbò wọn kò ní ọ̀kan. Títí, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ti bímọ rí lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá, tí òjò ń rọ̀ lé ìyá àti ọmọ lórí. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n Fáníran kò gbàgbé ọjọ́ náà. Nígbà tí àdúgbò wá kóra jọ láti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tiwọn, ó ní òun ni yóò ya àwòrán rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Alhájì Sunmọ́nù, alága ìgbìmọ̀ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, dúpẹ́ púpọ̀, ó wá fi kún un pé ìjọba ìbílẹ̀ kò gba àwòrán tí a fọwọ́ yà mọ́. Kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n fi yà á, kò sì gbọdọ̀ kọjá Ọjọ́bọ̀ tó parí oṣù.

Báyìí ni Fáníran ṣe tọ Jínádù lọ. Jínádù kì í ta kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíì ti tò; ẹ̀yà rẹ̀ ló máa ń rà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì tò ó jọ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà bá ṣe fẹ́. Ó to ti Fáníran sínú àpótí irin dúdú kan tó ga dé orúnkún. Nígbà tó tò ó tán, ó tàn án sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì, ó ń gbé iṣẹ́ tó wúwo fún un, ó ń fọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná, ó ń tẹ́tí sí fáànù rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ mímí ọmọ tó ń sùn. Kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Jínádù wá lẹ bébà pupa kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó kọ ọ́ sí i pé: A TI YẸ̀ Ẹ́ WÒ, Ó PÉ. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ ṢÍ I. Ìdérí ihò kan tó wà níwájú rẹ̀, tó fẹ̀ tó ẹnu ife, nìkan ni kò tíì sí. Ó ní ìdérí náà ń bọ̀ láti Èkó, àti pé ìyẹn kò ní kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó ń kan tábílì fún Fáníran kò tètè ṣe tán. Kọ̀ǹpútà náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Jínádù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pààlà pẹ̀lú ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀pà. Títí ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà láti kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí tábílì pé, Jínádù kàn gbé ẹ̀rọ náà lọ bẹ́ẹ̀ ni. Kò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ṣebí bébà pupa ti sọ pé ó pé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Morónkéjì ló tẹ súìṣì, Fáníran sì jókòó, ó ya ìpìlẹ̀, ó ya ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ kejì ló gbọ́ ohun kan nínú àpótí náà. Họ, họ, họ, bí ẹni tó ń fi èékánná ha pátákó láti inú. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ìró náà dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe Jínádù lórí fóònù, ó ní fáànù tuntun ni, bí fáànù tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ibi tí Fáníran ti ń ya yàrá tí àwọn obìnrin yóò ti máa bímọ gan-an ni ẹ̀rọ náà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n tún un tàn, ó jí, òórùn kan sì ń jáde láti inú rẹ̀ bíi ti ìtọ̀ tó ti pẹ́. Jínádù ní irin tuntun ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ti ọjọ́ kẹrin ló burú jù. Fáníran lọ mu omi. Nígbà tó padà dé, lẹ́tà kan ṣoṣo ti kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ilẹ̀: j, j, j, j, j. Ẹnikẹ́ni kò sì sí nínú yàrá náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ké pe ìyàwó rẹ̀. Morónkéjì wá wò ó, ó ní wáyà kan ló ti bàjẹ́.

"Ìyá Títí," ni Fáníran wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "jáde ló fẹ́ kọ. Kò tíì parí rẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́, á kan ilẹ̀kùn, á sì kí kọ̀ǹpútà pé ẹ kú ilé, bí ẹni pé òkú kan ló ń gbé inú rẹ̀. Ó sún tábílì mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú yàrá, ẹsẹ̀ kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Morónkéjì ní kó jẹ́ kí ẹlòmíì gba iṣẹ́ náà, ó mirí. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ dìde sá lọ, òjò ọjọ́ tí Títí bímọ lójú ọ̀nà ni òun máa ń gbọ́ létí.

Jínádù padà wá fúnra rẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà tó so pátákó ìtẹ̀wé mọ́ àpótí náà; ojú eyín wà lára èyí tó yọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu ilẹ̀kùn ló gé e. Ó gbá àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́tí sí i. Fáníran bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí i kí wọ́n wo inú rẹ̀. Jínádù wo bébà pupa rẹ̀, ojú rẹ̀ korò.

"Bàbá, bí mo bá ya bébà yìí, mo ti fẹnu ara mi sọ pé àyẹ̀wò mi kò pé nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí kò ní nǹkan kan nínú ju ohun tí mo fi síbẹ̀ lọ."

Ọjọ́bọ̀ pé. Ní ọ̀sán, Alhájì Sunmọ́nù dé pẹ̀lú àgbààgbà ìgbìmọ̀ méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Láwoyin, ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà mọ́, tó sì fẹ́ràn kí wọ́n ṣàlàyé nǹkan fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Fáníran ti ní kí Jínádù náà wá dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n tàn án, àwòrán ilé ìgbẹ̀bí sì yọ, ó mọ́ rekete. Àwọn àgbà mi orí pé ó dára. Alhájì ní kí ó fi yàrá ìbímọ han àwọn. Bí Fáníran ṣe na ọwọ́ ni ohun kan mí nínú àpótí náà: fùúù. Kì í ṣe họ, họ, ti tẹ́lẹ̀. Èyí gùn, ó sì tutù.

"Fáànù ni," ni Jínádù wí.

Kò tíì pa ẹnu dé tí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn. Wọ́n tẹ súìṣì títí, kò jí. Alhájì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní aago mẹ́rin ni ìjọba ìbílẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn, pé bí àwòrán kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn lónìí, ó di ọdún mìíràn. Gbogbo ojú yí sí Jínádù. Ó fa bébà pupa náà ya, ó mú ohun tí a fi ń tú síkírù, ó sì yọ ẹ̀gbẹ́ àpótí irin náà.

Èèpo ẹ̀pà ló kọ́kọ́ dà jáde, pẹ̀lú bébà tí wọ́n ti fi eyín gé wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni eku kan fò jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ Jínádù kọjá. Fáníran ti wà lórí àga. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i pé eku ni, eku lásán, tí kì í ṣe ẹni tó kú, ńṣe ni ara rẹ̀ rọ̀. Morónkéjì sáré gbé garawa irin wá láti fi dé wọn mọ́lẹ̀. Ìkejì fò jáde. Alhájì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ìkẹta àti ìkẹrin jọ jáde pọ̀, wọ́n ń sáré bí ẹni pé wọ́n ń lé wọn bọ̀. Ìkarùn-ún bọ́ sórí bàtà Bàbá Láwoyin. Ìkẹfà kọlu ẹsẹ̀ tábílì, ó yí gbirigbiri, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ.

Inú àpótí wá dákẹ́. Fáníran sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó gba garawa lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ohun kan tún mira nínú àpótí. Alhájì bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó gbé e sókè, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà.

"Èkeje ń bọ̀," ló wí. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Orí kan yọ. Kò ní etí, kò ní irùngbọ̀n. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì tún mí: fùúù.

Ṣèbé ni. Ó ti tọ òórùn eku wá láti inú igbó ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gba ihò tí kò ní ìdérí wọlé.

Alhájì bá fèrèsé lọ, fìlà rẹ̀ kò bá a lọ. Jínádù gba orí tábílì káfíńtà kọjá. Àgbà kejì àti Bàbá Láwoyin há pọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, Morónkéjì ló fi èjìká tì wọ́n jáde, tó sì ń pe ọkọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Fáníran kọ̀. Gbogbo ìsákúsàá tó ti sá láyé rẹ̀, ọjọ́ tó nílò rẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Ejò náà já bọ́ sílẹ̀, ó ń wọ́ bọ̀ síbi tó dúró sí. Ojú Fáníran ṣú, ó sì ṣubú tòun ti garawa. Nígbà tó lajú, garawa ti dojú dé ejò náà mọ́lẹ̀, òun sì jókòó lórí garawa.

Kò lè dìde. Abẹ́ rẹ̀ ń dún gbà, gbà, gbà.

Níta, Bàbá Láwoyin, tó sá nítorí pé ó rí àwọn tó kù tí wọ́n ń sá, wá fọwọ́ ti ògiri lábẹ́ fèrèsé.

"Fáníran, mo bá wọn ka mẹ́fà. Èyí tó wá jáde kẹ́yìn yìí, ṣé èkeje ni?"

Garawa tún dún lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ má bàa gbọ́, "ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Wọ́n lọ pe ọdẹ kan ní òpópónà kejì, òun ló gba Fáníran lórí garawa tó di àga tuntun rẹ̀. Jínádù yọ ẹ̀yà tó ń tọ́jú iṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, ó fi sínú kọ̀ǹpútà mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwòrán náà kò sì ní àbùkù kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Alhájì gbé e dé ìjọba ìbílẹ̀ láìdé fìlà, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ilé ìgbẹ̀bí náà ti wà lórí ìdúró báyìí. Ibẹ̀ ni Títí bí ọmọ rẹ̀ kejì sí, lórí bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ òrùlé. Jínádù kò lẹ bébà pupa mọ́. Bó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ihò rẹ̀, á sì dúró sẹ́yìn díẹ̀ kó tó wò ó.

Fáníran ṣì jẹ́ ojo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ ní àdúgbò náà. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ń ka wàhálà tó ń jáde láti ibì kan, tí ẹ kà á dé mẹ́fà, tí ibẹ̀ wá dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ bàtà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.